Jẹ, Gbà àti Rà: Ohun Tí Ó Ń Mú Èrè Ìparí Tẹ́ni Lọ́rùn nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìlò ọ̀rọ̀-ìṣe 'jẹ' nínú èdè Yorùbá kò pin sí orí oúnjẹ. Ènìyàn a máa jẹ oyè, a máa jẹ èrè, a sì máa jẹ ẹ̀bùn níbi ìdíje. Ẹni tí ó ń ta ayò a máa jẹ ọmọ ayò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn ń jẹ ìyà, tí ó sì ń jẹ gbèsè. Ohun tí ó so gbogbo ìlò wọ̀nyí pọ̀ ni pé ohun tí ènìyàn bá jẹ ti di mọ́ ọn lára, yálà ó dùn mọ́ ọn tàbí kò dùn. 'Gbà' àti 'rà' kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a gbà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti wá. Ohun tí a rà, ó ṣeé tún tà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wúlò púpọ̀ fún àlàyé ohun kan tí ó dà bí ẹni pé kò kan ẹ̀kọ́ èdè rárá, èyí ni èrè tí àwọn òṣèré ń lépa ní ìparí eré ìgbẹ̀dáwọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Eré ìgbẹ̀dáwọ̀ ni eré orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù nínú èyí tí òṣèré ń gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, gẹ́gẹ́ bí eléégún ṣe ń gbé ẹ̀kú wọ̀. Ẹ̀dá yìí ni yóò fi máa jagun, tí yóò fi máa pẹja, tí yóò fi máa rọ irin, nínú ayé kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní ọdún 1978, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ eré tí ó pè ní MUD ní Yunifásítì Essex, Richard Bartle sì bá a mú un gbòòrò. Ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni ó wà nínú eré náà, kò sí àwòrán. Ẹni tí ó bá gòkè dé ìpele tí ó ga jù lọ di oṣó, ó sì ní àṣẹ lórí àwọn yòókù. EverQuest jáde ní ọdún 1999, RuneScape ní 2001, World of Warcraft ní 2004. Nínú gbogbo wọn, ìpele dé ìpele ni ẹ̀dá ń gòkè. Nígbà tí World of Warcraft kọ́kọ́ jáde, ìpele 60 ni òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n eré kì í tán níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ohun tí àwọn òṣèré ń pè ní ìparí eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí ènìyàn tún lè gòkè sí mọ́, èrè nìkan ni ó kù tí ó lè mú un padà wá lọ́la. Bí èrè náà kò bá tẹ́ni lọ́rùn, ayé náà yóò dahoro.

Ní Okumagba Layout ní ìlú Warri, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú ńlá Nàìjíríà, orí fóònù ni ọ̀dọ́ ti sábà ń bá irú eré yìí pàdé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni Old School RuneScape ti wà lórí fóònù. Kí òṣèré tó jẹ èrè kankan nínú rẹ̀, ó ti kọ́kọ́ ra dátà, ó sì ti wá iná tí yóò fi ṣáàjì fóònù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà ńlá abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó wà láàrin ogun eré ní wákàtí yẹn pàdánù ohun tí ó ti fi owó àti àkókò wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ afẹ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ èrè ìparí. Pidgin ni èdè tí Urhobo, Itsekiri, Ìjọ àti àwọn ẹ̀yà yòókù fi ń gbọ́ra wọn yé ní Warri, Pidgin náà sì ní 'chop', tí ó ń ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ àti fún owó bí 'jẹ' ṣe ń ṣe. Ẹni tí ó bá ń sọ èdè méjèèjì kò nílò àlàyé gígùn lórí ohun tí ó tẹ̀lé e yìí.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù ni aṣọ ìborùn tí RuneScape gbé kalẹ̀ ní ọdún 2006. Iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan nínú eré náà, bí ẹja pípa tàbí igi gígé, ní ìpele 99. Kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, yóò kó àmì ìrírí 13,034,431 jọ. Ẹni tí ó bá dé ìpele 92 yóò rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò àmì ìrírí náà, ìdajì ọ̀nà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí ó bá wá dé 99, yóò tọ ọ̀gá iṣẹ́ náà lọ, yóò san owó wúrà 99,000, ọ̀gá yóò sì fún un ní aṣọ ìborùn tí àwọ̀ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ náà hàn. Kò ṣeé tà, kò ṣeé fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹni tí ó ní owó tí kò ṣe iṣẹ́ kò lè rí i rà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń náwó sí ìwúyè ní ilẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé kò sí ohun àjèjì níbẹ̀: owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó jẹ oyè. (Pé owó nìkan ni ó ń jẹ púpọ̀ nínú oyè òde òní jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn tí ó rà á sì mọ̀ pé ará ìlú mọ̀.) Agbára tí aṣọ náà ń fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyì rẹ̀. Bí ó bá ti gba àárín ọjà inú eré kọjá, gbogbo ẹni tí ó ti gé igi rí mọ iye igi tí ó gé.

Òdìkejì èyí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Diablo III, tí ó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012. Ohun ìjà tí ó ń bọ́ lára àwọn iwin tí òṣèré bá pa ni èrè eré náà. Àwọn tí ó ṣe é wá dá ọjà sílẹ̀ nínú rẹ̀, níbi tí òṣèré ti lè ta ohun ìjà fún ẹlòmíràn kí ó sì gba owó gidi. Èrò wọn kò burú. Wọ́n fẹ́ gba ọjà náà kúrò lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ ó hàn pé ẹni tí ó bá ń wá idà rere kò ní í pa iwin mọ́; ọjà ni yóò lọ. Ohun tí òṣèré sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí lójú ogun di ọjà títà lójú rẹ̀: kí ó tó wò bí idà náà ṣe mú, iye tí yóò pa lórí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. 'Rà' ti jẹ 'jẹ' run. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn tí ó ni eré náà ti ọjà yìí pa, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ó ń ba ìdí tí a fi ń ṣe eré náà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oríire tún wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ èrè ìparí ni kò ní ọjọ́ tí ó dá. Òṣèré lè pa iwin kan náà ní ìgbà ogójì kí ohun tí ó ń wá má jáde, kí ó sì jáde fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá. B. F. Skinner, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, fi ẹyẹlé ṣe ìdánwò, ó sì rí i pé ẹyẹ tí kò mọ ìgbà tí oúnjẹ yóò bọ́ ń sa ojú ibi tí oúnjẹ ti ń jáde fún ìgbà pípẹ́ ju èyí tí oúnjẹ rẹ̀ ní àkókò lọ. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé oríire ni ó ń mú èrè dùn. Èdè Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó tẹ́ni lọ́rùn wà lọ́tọ̀, ohun tí ó di bárakú wà lọ́tọ̀. Ẹni tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti di bárakú fún kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ohun tí yóò sọ ni pé òun kò lè fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2018, àjọ tí ó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Belgium kéde pé àpótí oríire tí àwọn eré kan ń tà fún owó jẹ́ tẹ́tẹ́ lábẹ́ òfin. Oríire dùn nígbà tí ó bá bọ́ sórí iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe. Nígbà tí ó bá dúró fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹyẹlé Skinner ni òṣèré dà.

Èrè tí ó ṣòroó pín jù ni èyí tí ẹnìkan kò lè dá jẹ. Nínú World of Warcraft àkọ́kọ́, ogójì ènìyàn ni ó ń jọ wọ ihò tí a ń pè ní Molten Core. Wọn a jà fún wákàtí púpọ̀, ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ni yóò sì jáde fún gbogbo wọn. Ta ni yóò mú un? Láti ìgbà EverQuest ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ti wá ọgbọ́n sí i: ẹni tí ó bá wá sójú ogun, wọn a kọ àmì fún un, nígbà tí ohun tí ó fẹ́ bá jáde, yóò fi àmì rẹ̀ gbà á, iye àmì rẹ̀ yóò sì dín kù. Ẹni tí ó bá ti dá èésú rí mọ ọgbọ́n yìí, ẹni tí bàbá rẹ̀ sì ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àáró lóko mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn òṣèré wọ̀nyí. Àìrójú ìpín ni ó kọ́ wọn. Inú ẹni tí kò rí nǹkan mú ní alẹ́ kan kì í bàjẹ́ pátápátá níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá wà, nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun wà nínú ìwé. Ibi tí kò bá sí ètò, ogójì ènìyàn a pa iwin ńlá, ẹgbẹ́ a sì tú ká lórí bàtà kan ṣoṣo.

Ayò ọlọ́pọ́n fi hàn pé èrè lè tẹ́ni lọ́rùn láìsí ohun kankan tí a lè dì mú. Ojúlé méjìlá àti ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo ọmọ ayò yìí ni a ó sì dà padà sójú ọpọ́n lẹ́yìn eré. Orúkọ ni ó kù: ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pẹ kò lè ra orúkọ ọ̀ta, ọ̀ta kò sì lè ta á fún un. Mark Lepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí ó jáde ní ọdún 1973, nínú èyí tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Lẹ́yìn tí wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn náà tán, ìfẹ́ wọn sí àwòrán yíyà dín kù. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì, láìsí ìlérí, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tí ó ń ta ayò lábẹ́ igi kò ka ìwádìí yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí owó wọ inú ọpọ́n.

Oyè tí a ń gùn bí àkàbà wà ní ilẹ̀ Yorùbá náà. Ní Ìbàdàn, kò sí ìdílé ọba kan ṣoṣo. Láti ipò mógàjí ni ènìyàn ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìgbésẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ sì ju ogún lọ kí ènìyàn tó di Olúbàdàn. Ohun tí ó mú adé náà wúwo ni iye ọdún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dé ènìyàn 21 ládé lẹ́ẹ̀kan náà ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e dé ilé-ẹjọ́. Àwọn tí ó ń ṣe eré orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ irú àríyànjiyàn yìí dáadáa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, World of Warcraft ṣí ilẹ̀ tuntun, ó sì gbé òkè ìpele lọ sí 70. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ẹni tí ó pa ẹranko igbó lásán ní ilẹ̀ tuntun náà ń rí aṣọ ogun tí ó dára ju èyí tí ogójì ènìyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù jà fún lọ.

Orúkọ ìdílé tí Okumagba Layout ń jẹ́ wà nínú ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà mọ̀, ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní ọdún 1976. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to ọ̀nà márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ tí ènìyàn lè fi fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìwé wà nínú wọn, lílo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ wà nínú wọn; ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni ìtàn àtẹnudẹ́nu, kí ènìyàn lè sọ bí ilẹ̀ náà ṣe di ti àwọn baba rẹ̀. Èrè ìparí kò yàtọ̀. Èyí tí ó ní ìtàn kì í gbó kíákíá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, ẹnu ọ̀nà ìlú Ahn'Qiraj nínú World of Warcraft kò lè ṣí àfi bí gbogbo òṣèré tí ó wà ní ayé kan bá kó báńdéèjì, awọ, irin àti oúnjẹ jọ, kí ẹnìkan tó lu agogo. Àwọn ìwọ̀nba ènìyàn tí ó lu agogo náà ní àkókò tí a dá ni ó jẹ kòkòrò dúdú tí ènìyàn lè máa gùn bí ẹṣin. Ohun ìjà inú ìlú náà ti di yẹ̀yẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún dá ẹ̀yà àtijọ́ eré náà padà, tí àsìkò ẹnu ọ̀nà yìí sì tún dé ní ọdún 2020, àwọn tí ó ti mọ gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tún kó báńdéèjì jọ, wọ́n sì tún ń bá ara wọn du agogo.