Kí A Tó Ṣe Onídùúró fún Ọmọ tí ó Ń Lọ sí Amẹ́ríkà

Bí ẹnìkan bá béèrè ẹ̀yáwó kí ọmọ rẹ̀ lè lọ kọ́ sosiọ́lọ́jì, èyíinì ni ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní Amẹ́ríkà, ó yẹ kí onídùúró mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kì í ṣe yunifásítì. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú ti ìjọba ni ti Joliet ní Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901. Ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni, oyè kékeré sì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dígírì yóò lọ ṣe ọdún méjì mìíràn ní yunifásítì. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín sí ti yunifásítì, ṣùgbọ́n àlejò ń san ju onílé lọ.

Ibi tí ewu wà nìyí: bí yunifásítì kò bá ka gbogbo ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti kọ́ sí, yóò tún òmíràn kọ́, gbèsè yóò sì pọ̀ sí i.

Ẹ má ṣe pè é ní ẹ̀kọ́ ọ̀lẹ o. N. A. Fádípẹ̀ kọ irú rẹ̀ nípa àwa Yorùbá, ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó ti kú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1970. Ìdí tí ẹni tí ó yáwó fi ń tijú onídùúró rẹ̀, ẹ̀kọ́ àwùjọ náà ni.

Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ síwèé, ẹ jẹ́ kí a béèrè: yunifásítì wo ni yóò gbà á lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé rẹ̀ dà?