Kí ẹ tó fa ilé yín lé éjẹ́ǹtì lọ́wọ́: Ohun tó yẹ kí onílé mọ̀, láti Maourey dé Èkó

Ní Maourey, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Niamey tí í ṣe olú ìlú Niger, kò dìgbà tí ènìyàn bá gbé pátákó síwájú ilé kí ìròyìn pé ó fẹ́ tà á tó tàn kálẹ̀. Onílé lè sọ fún ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, kí ọ̀rẹ́ náà sọ fún alárinà kan, kó tó di ọjọ́ kejì, àlejò mẹ́ta ti wá kan ilẹ̀kùn, tí oníkálukú wọn sì mú iye owó tirẹ̀ wá.

Àwọn Haúsá ń pe irú alárinà bẹ́ẹ̀ ní "dillali". Àwọn tó ń sọ èdè Faransé, láti Niamey dé Cotonou àti Lomé, ń pè é ní "démarcheur". Ní Èkó àti Ìbàdàn, "éjẹ́ǹtì" ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni: kó mú ẹni tó ń tà àti ẹni tó fẹ́ rà pàdé, kó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Fún ọmọ Yorùbá tó ti ń ṣòwò ní Niger láti ọdún pípẹ́, ilé lè jẹ́ gbogbo ohun tó fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ. Àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2023. Àjọ ECOWAS ti ẹnubodè pa fún bí oṣù méje, Niger náà sì kúrò nínú àjọ ọ̀hún ní oṣù Kìíní, ọdún 2025. Kò yani lẹ́nu bí oníṣòwò kan bá ń rò ó bóyá kí òun ta ilé kí òun sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú ni alárinà tí kò lótìítọ́ máa ń rí jẹ jù. Nítorí náà, iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú títa ilé ni èyí tó yẹ kí onílé ṣe kí ilé tó dé ọjà rárá.

Ta ni alárinà lójú òfin?

Niger, Benin, Togo àti Côte d'Ivoire wà lára orílẹ̀-èdè 17 tó para pọ̀ di àjọ OHADA, èyí tó ṣe òfin òwò kan náà fún gbogbo wọn. Nínú òfin òwò gbogbogbòò tí àjọ náà tún ṣe ní ọdún 2010, oníṣòwò ni ẹni tó bá fi iṣẹ́ alárinà ilé ṣe iṣẹ́ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní RCCM.

Òfin yìí fún onílé ní ààbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà:

• Alárinà kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ pa mọ́ fún àwọn tó ń bá a ṣe.

• Kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ṣòwò fún ara rẹ̀, ì báà jẹ́ ní gbangba tàbí lẹ́yìn ẹlòmíràn. Èyí ni pé kò lè rán àbúrò rẹ̀ wá ra ilé yín ní owó pọ́ọ́kú kó sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

• Bó bá ṣe ti olùrà láti pa yín lára, tàbí tó gba ìlérí owó lọ́wọ́ olùrà láìjẹ́ kí ẹ mọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó iṣẹ́ ti bọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé, nígbà náà: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ńbà RCCM yín?" Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà bó ti yẹ kò ní bínú sí i. Ẹni tó bá bínú ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ẹ wo ìwé ilé kí ẹ tó wo éjẹ́ǹtì

Ní Niamey, ìwé tó lágbára jù lórí ilé àti ilẹ̀ ni "titre foncier", tí wọ́n ti fi orúkọ onílẹ̀ sínú ìwé ìjọba. Ọ̀pọ̀ onílé kò ní in. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni "acte de cession", ìwé tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀ tí aláṣẹ ti pín sí púlọ́ọ̀tì. Ìwé méjèèjì kò ní agbára kan náà, iye tí olùrà máa san lórí wọn kò sì lè jẹ́ bákan náà.

Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wò ó bóyá orúkọ tó wà nínú rẹ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu, torí pé ọ̀nà tí akọ̀wé ọ́fíìsì gbà kọ orúkọ Yorùbá lè yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́tà kan péré tó yàtọ̀ lè dá títà náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bó bá jẹ́ ilé ogún ni, ọ̀rọ̀ náà tún gbòòrò sí i. Kí gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó pe éjẹ́ǹtì. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ẹjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà; bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà inú ẹbí, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kó fagi lé e.

Ẹ má ṣe fún éjẹ́ǹtì ní ojúlówó ìwé ilé. Ẹ̀dà rẹ̀ tó, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ẹ̀dà náà pé fún wíwò nìkan ni, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fún un.

Iye wo ni ilé náà tó?

Éjẹ́ǹtì tó bá dá iye tó ga jù lọ kọ́ ló dára jù lọ. Ẹlòmíràn á pe iye gọbọi kí ẹ lè gbé iṣẹ́ náà fún un; nígbà tí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá láìrí olùrà, á ní kí ẹ dín in kù. Ẹ pe ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: "Ilé wo ni wọ́n tà ní àdúgbò yìí láìpẹ́, èló ni wọ́n sì gbà gan-an?" Iye tí wọ́n gbà ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe iye tí wọ́n pè.

Owó iṣẹ́: Níbi tí owó ti ń jò

Ẹ jẹ́ ká fi ilé tó tó mílíọ̀nù 20 owó CFA ṣe àpẹẹrẹ. Bí àdéhùn bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, éjẹ́ǹtì á gba mílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù 19 á sì kù fún onílé.

Bí éjẹ́ǹtì bá wá ní kí ẹ gba mílíọ̀nù 19 "kí ọjà lè yá" ńkọ́? Owó tirẹ̀ á di 950,000. 50,000 péré ló pàdánù. Ti onílé á di mílíọ̀nù 18 àti 50,000; 950,000 ló fò lọ. Kì í ṣe pé éjẹ́ǹtì náà jẹ́ olè. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lógún ni kí títà náà parí kíá, nítorí kò ná an ní nǹkan púpọ̀ láti dín owó kù. Ojú olójú kò lè dàbí ojú ẹni.

Èyí tó léwu jù ni àdéhùn tó máa ń dùn létí onílé: "Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ gbà, èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni tèmi." Onílé sọ mílíọ̀nù 20, éjẹ́ǹtì sọ mílíọ̀nù 24 fún olùrà. Mílíọ̀nù mẹ́rin wọ àpò rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí onílé gbà. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò bá sì tètè tà, onílé kò ní mọ̀ pé iye tí éjẹ́ǹtì fi lé e ló ń lé àwọn olùrà sá.

Ẹ jẹ́ kí owó iṣẹ́ jẹ́ iye kan pàtó tàbí ìdá kan pàtó, kí ó wà nínú ìwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà tí títà bá parí ni wọn yóò san án.

Éjẹ́ǹtì kan tàbí mẹ́wàá?

Bí ẹ bá gbé ilé fún éjẹ́ǹtì mẹ́wàá, ìròyìn á yára tàn, ṣùgbọ́n olùrà kan náà lè gbọ́ iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì rò pé ẹ wà nínú ìdààmú. Lẹ́yìn títà, ènìyàn méjì lè máa jà sí owó kan náà. Bí ẹ bá gbé e fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹ fi gbèdéke sí i, bí oṣù mẹ́ta. Ẹ bèèrè pẹ̀lú pé: bí ẹ bá fúnra yín rí olùrà ńkọ́, ṣé ẹ ṣì jẹ ẹ́ lówó? Bí ẹ bá lo éjẹ́ǹtì púpọ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wá wo ilé sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ẹni tó mú un wá.

Àṣẹ láti wá olùrà kì í ṣe àṣẹ láti tà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú. Iṣẹ́ éjẹ́ǹtì ni kó wá olùrà. Kò fún un láṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé títà, kò sì fún un láṣẹ láti gba owó ilé. Bó bá gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i, pàápàá ìwé tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa, tí kò sì mọ éjẹ́ǹtì náà rí, kà á fún yín. Bí ọ̀rọ̀ náà "procuration" bá wà níbẹ̀, ẹ dúró. Ìwé tó ń fi agbára yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ní Niger, ọ̀dọ̀ "notaire", ìyẹn òṣìṣẹ́ òfin tí ìjọba fún láṣẹ láti kọ ìwé àdéhùn kó sì fi òǹtẹ̀ lù ú, ni kí owó àti ìwé ti pàdé. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lè dunni, ṣùgbọ́n kò tó iye ilé.

Bó ṣe rí ní Nàìjíríà àti Britain

Ní Nàìjíríà, àjọ ESVARBON ló ń forúkọ àwọn amòye tó ń díyelé ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASRERA ló ń mójú tó àwọn tó ń ṣòwò ilé. Ẹ bèèrè bóyá éjẹ́ǹtì yín wà nínú ìwé ọ̀kan nínú wọn. Ẹ rántí pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 kò sì gba ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ láyè láti san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ní owó ọwọ́, bí kò ṣe nípasẹ̀ báńkì.

Ní Britain, òfin tó de àwọn éjẹ́ǹtì láti ọdún 1979 ní kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún onílé kí ó tó wọ àdéhùn, kí wọ́n sì jẹ́wọ́ bí àwọn fúnra wọn bá ní ìfẹ́ sí ilé náà.

Ìbéèrè méje kí ẹ tó bọ ọwọ́ éjẹ́ǹtì

1. Níbo ni ẹ ti forúkọ sílẹ̀, kí sì ni nọ́ńbà yín?

2. Ilé wo ni ẹ tà ní àdúgbò yìí, ṣé mo lè bá onílé náà sọ̀rọ̀?

3. Báwo ni ẹ ṣe dé orí iye tí ẹ pè?

4. Èló ni owó iṣẹ́ yín, ta ni yóò san án, ìgbà wo sì ni?

5. Ṣé ẹ ń gba nǹkan lọ́wọ́ olùrà pẹ̀lú?

6. Ìgbà wo ni àdéhùn wa yóò parí bí ilé kò bá tà?

7. Ṣé ẹ ó máa sọ gbogbo iye tí olùrà bá dá fún mi, títí kan èyí tí kò wù yín?

Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ilé tó gba ogún ọdún láti kọ́ kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ ẹni lórí ọ̀rọ̀ ẹnu.