Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ara líle àwọn àgbà ní Kétu

Ní Kétu, a kì í fi àgbà sẹ́yìn nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyálásẹ̀, obìnrin àgbà, ni olórí ẹgbẹ́. Àwọn ìyá wa gan-an ni a sì ń fi ijó náà júbà.

Ijó ń ṣe ara lóore. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lo ara lọ́sẹ̀, kí ó sì máa ṣe ohun tó ń mú ẹsẹ̀ dúró dáadáa ní ọjọ́ 3, kí ó má baà máa ṣubú. Ijó wà lára ohun tí a lè fi ṣe é. Kò pọn dandan kí àgbà gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí: kí ó gbe orin, kí ó pàtẹ́wọ́, kí ó jó níwọ̀n agbára rẹ̀.

Bí àgbà bá ń dá jókòó sílé, orúnkún rẹ̀ á le, orin tó mọ̀ á sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n sí agbo.