Inú Àgbagbà

Àwọn òkè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Atakpamé, títí dé Badou níbi tí Tógò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Gánà, ilẹ̀ kọfí àti kòkó ni wọ́n. Láàárín àwọn igi wọ̀nyí ni àgbagbà ń gbé. Àgbẹ̀ a gbìn ín kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bo kòkó tó ṣì kéré, ìdì rẹ̀ á sì di oúnjẹ àti owó kí kòkó tó so.

Bí ọkọ̀ bá kó o dé ọjà, èèpo ni gbogbo wa ń wò. A ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: èyí ṣì dúdú, èyí ti pọ́n, èyí ti rọ̀ jù. Èmi náà ti rò rí pé bí èèpo bá ṣe pọ́n tó ni oore inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń pọ́n, àwọ̀ ewé tó wà lára èèpo ló ń ṣá, tí àwọ̀ ìyeyè tó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ wá ń yọ. Nínú, sítáàṣì ló ń di ṣúgà. Ti fítámì A, ọ̀tọ̀ ni.

Fítámì A gan-an kò sí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan. Kárótìn ló wà níbẹ̀, èyí tó mú epo pupa pọ́n. Ara wa ló ń sọ ọ́ di fítámì. Pàṣípààrọ̀ náà le: máíkírógíráàmù 12 kárótìn bẹ́tà ni wọ́n ṣírò pé ó ń di 1 péré, ti irú mìíràn, álífà, 24. Ìwé ìṣirò oúnjẹ Amẹ́ríkà fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní máíkírógíráàmù 3 fítámì yìí nínú gíráàmù 100, ó sì fún àgbagbà tó pọ́n ní nǹkan bíi 56. Ọmọ ọdún 2 nílò 300 lójúmọ́. Kó tó rí i láti ara àgbagbà nìkan, yóò jẹ ju ìdajì kílò lọ, ikùn wo? Síbẹ̀, iṣu funfun tí wọ́n fi ń gún fùfú ní Atakpamé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohunkóhun. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dòdò, ojú á rí i.

Kí ló ń mú kí ọ̀kan ju ọ̀kan lọ? Ìran ni. Àgbagbà kì í ní kóró. Ọmọ tó hù lẹ́bàá ìyá ni à ń gbìn. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ yìí, ìyá náà ló padà wá: bí inú ìyá bá funfun, ti ọmọ á funfun. Ajílẹ̀ lè mú ìdì tóbi, kò lè sọ inú funfun di pupa. Ní erékùṣù Pohnpei, nínú òkun Pàsífíìkì, wọ́n ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Karat. Ìdì rẹ̀ kọjú sókè, inú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní oúnjẹ láyé àtijọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n rokoṣo. Kì í ṣe àìsàn.

Lẹ́yìn ìran, ó kan ilé ìdáná. Inú ọ̀rá ni kárótìn ti ń yòrò, kì í ṣe inú omi, nítorí náà omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè tí a dà nù kò gbé púpọ̀ lọ. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni olè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a là, tí a sá fún èlùbọ́, ń pàdánù púpọ̀. Bí a bá din ín nínú epo pupa, ọ̀rá á bá ara gbà á, epo náà á sì fi kárótìn tirẹ̀ kún un. Ẹni tó jẹ́ kí epo gbóná títí ó fi funfun kó tó da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i ti sun ún dànù. Bọ̀ọ̀lì kò ní epo lára, ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí a fi ń jẹ ẹ́ ní.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ bẹ ìyá tó ń tà á kó fi ọ̀bẹ la ẹyọ kan kí ẹ wo inú rẹ̀. Ó lè bínú. Ẹ ra èyí tó là.