Ìdí tí Àwọ̀ Imú Ajá Fi Ń Yàtọ̀ Tí Ó Sì Ń Yípadà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ajá tí ń ṣọ́ abà, tí ń lé ọ̀yà kúrò nínú oko, kì í ṣe ohun tí a lè fojú di. Ṣùgbọ́n bí imú rẹ̀ bá ń ṣá, àwọn mìíràn a tà á lọ́pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn ẹlòmíràn a sì rí imú tí àrùn ti wọ̀, wọn a ní kò sí nǹkan. Àdánù ni méjèèjì.

Èròjà kan tí a ń pè ní mẹ́lánìn ni ó ń sọ awọ ara di dúdú, ìbáà ṣe ti ènìyàn tàbí ti ajá. Bí ó bá pọ̀ nínú imú ajá, imú náà yóò dúdú. Bí kò bá sí, yóò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ìran ajá mìíràn, mẹ́lánìn yìí kì í dúdú. Àwọ̀ ilẹ̀ ni. Akọ àti abo onímú dúdú lè bí ọmọ onímú aláwọ̀ ilẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá ní àbùdá náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àbùkù.

Àwọ̀ imú sì lè yípadà láìsí àrùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ni a ń bí pẹ̀lú imú pípọ́n, tí yóò sì dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Imú ajá tí ó ti darúgbó lè ṣá. Ojú ọgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná a máa pọ́n, ó sì lè tún dúdú. Ní àwọn ilẹ̀ òtútù, imú ajá mìíràn a ṣá ní ìgbà òtútù, a sì tún dúdú nígbà ooru.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ èyí tí í ṣe àrùn? Imú ajá tí ara rẹ̀ le kì í jọ̀lọ̀: kókó wẹ́wẹ́ ni ó kún ojú rẹ̀. Bí imú bá ṣá, ṣùgbọ́n tí kókó wọ̀nyí ṣì wà, tí ajá sì ń jẹun, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá di jọ̀lọ̀, tàbí tí ó ní èépá, tí ó sán, tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fura. Oòrùn a máa mú òmíràn nínú àwọn àrùn yìí le sí i. Nítorí náà, ẹ so ajá náà sí abẹ́ ibòji. Bí imú àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá le gbagidi, tí ajá ń wúkọ́, tí ikun sì ń dà ní imú rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ajá yòókù, nítorí ó lè jẹ́ àrùn tí ń ràn.

Ẹ má ṣe fi epo ọkọ̀ pa imú ajá, nítorí yóò lá a mì. Ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran-ọ̀sìn. Ẹgbẹ́ lè para pọ̀ pe dókítà wá sí abúlé, kí owó rẹ̀ lè fúyẹ́ fún olúkúlùkù, kí ó sì fún gbogbo ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní ọjọ́ kan náà.