Fóònù oníbàárà kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò, àkáǹtì tiyín ni

Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bẹ́ ẹ bá dé ọjà Boundary, àtẹni tó ń ta aṣọ òkìrìkà àtẹni tó ń ta ata ló ń gba owó sórí fóònù. Oníbàárà yóò ra ọjà, yóò tẹ fóònù rẹ̀, yóò ní, “Ìyá, mo ti sanwó o,” yóò sì na fóònù náà sí yín kẹ́ ẹ wò ó. Ibẹ̀ gan-an léwu wà. Ohun tó wà lójú fóònù oníbàárà kì í ṣe owó, bó bá sì ti gbé ọjà lọ tán, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wàhálà yìí rárá, pé owó ọwọ́ làwọn ń gbà. A ò lè dá wọn lẹ́bi, àmọ́ ayé ti yí. Bẹ́ ẹ bá rántí, ọdún 2012 ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, fi Èkó ṣe ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti dán ètò pé káwọn èèyàn má máa kó owó rìn wò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ò kọbi ara sí i nígbà náà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022 ni CBN tún kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2023, owó bébà ti di ohun tí wọ́n ń tò sí, àfìgbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá sí i lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún náà, tí wọ́n ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nínà. Ẹni tí kò lè gba owó sórí fóònù lásìkò yẹn, ó ṣòro kó tó tajà. Nítorí náà, kí ẹni tó ń ṣọ́ra má wulẹ̀ sá fún áàpù. Kó mọ ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò ló ṣe pàtàkì.

Bí owó ṣe ń rìn

Bí oníbàárà bá tẹ owó lórí áàpù rẹ̀, báńkì rẹ̀ yóò yọ owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀, yóò wá ránṣẹ́ sí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báńkì ilẹ̀ wa pọ̀. Láti ọdún 2011 ni NIBSS ti ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní NIP, tó ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. NIBSS yóò kàn sí báńkì tiyín, báńkì yín yóò kọ owó náà sínú àkáǹtì yín, lẹ́yìn náà ni alẹ́ẹ̀tì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá.

Ẹ ò rí i pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀: ohun tó hàn lójú fóònù oníbàárà, owó tó wọ àkáǹtì yín, àti alẹ́ẹ̀tì tó ń ròyìn fún yín. Owó lè wọlé kí alẹ́ẹ̀tì má tètè dé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Owó lè kúrò lọ́wọ́ oníbàárà kó há sójú ọ̀nà. Alẹ́ẹ̀tì náà sì lè dé kó má sí kọ́bọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ lè gbára lé, ìyẹn iye tó wà nínú àkáǹtì yín.

Ọgbọ́n táwọn gbájú-ẹ̀ ń dá

Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ èyí dáadáa. Àwọn kan ní áàpù tó ń ṣe ayédèrú rìsíìtì, tẹ́ ẹ bá wò ó, kò yàtọ̀ sí ojúlówó. Àwọn mìíràn ń fi ayédèrú alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, tí orúkọ báńkì yóò sì wà lókè rẹ̀, nítorí ẹni tó ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lè kọ orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀. Ẹlòmíràn yóò san 1,000 náírà níbi tó ti yẹ kó san 10,000, yóò wá fi ọwọ́ bo fóònù. Ìgbà tí èrò bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí tílẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ojú ń kán yín, ni wọ́n sábà máa ń wá.

Bí oníbàárà tòótọ́ bá ní owó ti kúrò lọ́wọ́ òun, tẹ́yin ò sì rí i, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó ṣí rìsíìtì rẹ̀, kó fún yín ní nọ́ńbà gígùn tí wọ́n ń pè ní session ID. Nọ́ńbà 30 ni. Báńkì yín lè fi tọpa owó náà títí dé ibi tó há sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọjà dúró lọ́dọ̀ yín títí owó yóò fi wọlé.

Ẹ ka iye tó ń lọ lára èrè

Ìlànà CBN tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020 sọ pé báńkì lè gba 10 náírà lọ́wọ́ ẹni tó bá fi owó tí kò ju 5,000 lọ ránṣẹ́, 25 náírà bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 50,000, àti 50 náírà bó bá ju 50,000 lọ. Tí oníbàárà bá fi káàdì sanwó lórí ẹ̀rọ POS yín, ẹ̀yin oníṣòwò lẹ ó san ìdajì náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju 1,000 náírà lọ. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ta ọjà 20,000 náírà, tí èrè yín lórí rẹ̀ sì jẹ́ 500. Ọgọ́rùn-ún náírà ni POS yóò mú, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún èrè yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye ọjà kẹ́ ẹ tó dá owó lé e.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ẹ̀yin ará Àpápá ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀kadà. Lọ́dún 2019, ORide tó jẹ́ ti OPay, Gokada àti Max ló gba ìgboro, àwọn ọlọ́kadà ń gba èrò látorí áàpù. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Àpápá sì wà lára wọn. Iṣẹ́ ẹni tó gbójú lé áàpù kan ṣoṣo dàrú. Lóṣù kẹrin ọdún 2024 náà, CBN dá OPay, PalmPay, Kuda àti Moniepoint dúró pé wọn ò gbọdọ̀ gba oníbàárà tuntun, oṣù kẹfà ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ ní àkáǹtì méjì, ó kéré tán, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó yín bá wá kógbá sílé ńkọ́? CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó ará ìlú ní báńkì, ló sì san owó fáwọn oníbàárà. Láti oṣù karùn-ún ọdún náà, 5 mílíọ̀nù náírà ni NDIC ń dúró fún ní báńkì ńlá àti lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ owó orí fóònù, 2 mílíọ̀nù ni ní báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance. Ẹ béèrè irú ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ tiyín ní, ẹ má sì jẹ́ kí owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sùn síbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí

Ẹ ya fóònù ọjà sọ́tọ̀, kó má jẹ́ èyí táwọn ọmọ fi ń ṣeré. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ń bá yín tajà lè rí owó tó ń wọlé, kó má sì lè fi ránṣẹ́. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni, ì báà ní báńkì lòun ti ń pè. Ní OPay àti PalmPay, nọ́ńbà fóònù lẹ sábà fi ń ṣe nọ́ńbà àkáǹtì, nítorí náà bí síìmù bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ náà kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kẹ́ ẹ tó lọ gba síìmù mìíràn. Ní alaalẹ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ ọjà tẹ́ ẹ tà wé owó tó wọlé.

Èyí tó sì ṣe kókó jù: ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara ìsọ̀ yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé, “A ó rí owó nínú àkáǹtì kí ọjà tó kúrò.” Oníbàárà tó sanwó lóòótọ́ ò ní bínú sí i.