Bí síkáànì bá rí kókó nílé ẹyin obìnrin, kí ló kàn?

Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ń bá kókó nílé ẹyin wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kókó ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkáànì. Ẹlòmíràn ń wá ọmọ, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, inú rírun lásán ló sì gbé ẹlòmíràn débẹ̀. Ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò yóò fi nǹkan yíyọ̀ pa wọ́n níkùn, yóò ti ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn, yóò sì tẹ bébà kan jáde. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà náà pé kókó kan wà nílé ẹyin ọ̀tún tàbí tòsì, kí wọ́n lọ rí dókítà. Láti ìgbà náà ni oorun kò ti ní í kun ojú wọn mọ́.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà bàjẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan yóò sáré, wọn yóò ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé kókó tó máa lọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé ilé ẹyin sọnù. Àwọn mìíràn yóò ká bébà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọn yóò máa mu àgbo ìju, wọn yóò máa ti orí ààwẹ̀ kan bọ́ sórí òmíràn títí ọdún yóò fi yípo. Kò sẹ́ni tó ní kí èèyàn má gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kéèyàn má padà lọ ṣe síkáànì kejì. Síkáànì kejì yìí, èyí tí wọ́n dá ọjọ́ fún, ló sì sábà máa ń sọ irú kókó tó jẹ́.

Ilé ẹyin méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ obìnrin, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Lóṣooṣù ni àpò omi kékeré kan máa ń yọ nínú ọ̀kan nínú wọn, inú àpò náà sì ni ẹyin ti ń gbó. Ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí kó lé díẹ̀, kó tó bẹ́ láti ju ẹyin sílẹ̀. Oṣù mìíràn wà tí àpò yìí kò ní í bẹ́, yóò kàn máa wú sí i. Oṣù mìíràn wà tó máa bẹ́ tán, tí ẹ̀jẹ̀ yóò sì dà sí i nínú. Ohun tí ẹ̀rọ ń rí nìyẹn tí wọ́n ń pè ní kókó. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fi í ka àpò omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ìyẹn bíi ẹyin ẹyẹlé, sí àìsàn rárá lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi ojú sí lórí bébà. Èkíní ni ọjọ́ orí obìnrin náà, pàápàá bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Èkejì ni bí kókó ṣe tóbi tó. Ẹ̀kẹta, tó sì wúwo jù, ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi lásán ni, tí awọ rẹ̀ tín-ín-rín tó sì dán, a jẹ́ pé kò léwu lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n rí yàrá-yàrá nínú rẹ̀, tàbí nǹkan líle bí ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ sínú rẹ̀, tàbí tí omi ti ń gbára jọ sínú ikùn, ìgbà náà ni wọ́n yóò tara ṣàṣà.

Àwọn kókó kan tún wà tí ojú máa ń rí tí ẹnu kò lè sọ. Wọ́n lè la ọ̀kan kí wọ́n bá irun, ọ̀rá, àní eyín pàápàá nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn àjẹ́ àti orogún ni irú èyí máa ń dá sílẹ̀ nínú ẹbí, bẹ́ẹ̀ kò sọ́wọ́ ayé níbẹ̀. Ẹyin tó lè di odidi èèyàn ni ohun tó hù ú ti wá, ìyẹn ló fi lè hu irun, kó sì hu eyín. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òmíràn sì wà tó kún fún ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tó ti ṣú dúdú, èyí tó ń wá láti ara àìsàn tí awọ inú ilé ọmọ fi ń hù síbi tí kò yẹ kó hù sí.

Ní ti ìgbà tó yẹ kéèyàn padà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Obstetricians and Gynaecologists, gbé ìlànà jáde lọ́dún 2011 fún àwọn tó ṣì ń rí nǹkan oṣù. Bí kókó olómi lásán kò bá tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, wọ́n ní kò nílò síkáànì mìíràn. Bó bá wà láàárín márùn-ún sí méje, kí wọ́n máa wò ó lọ́dọọdún. Bó bá ju méje lọ, kí wọ́n ronú àyẹ̀wò MRI tàbí iṣẹ́ abẹ. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó sì tóbi, wọ́n sábà máa ń tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, ó sì dára kí ó bọ́ sí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá parí, nígbà tí àpò oṣù tuntun kò tíì wú.

Ti àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró yàtọ̀, nítorí ilé ẹyin wọn ti sinmi, kò yẹ kí àpò omi tuntun máa yọ níbẹ̀. Ìlànà ti ọdún 2016 ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125. Bí kókó bá jẹ́ omi lásán, tó wà lápá kan ṣoṣo, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì dára, kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí kò bá yí padà títí ọdún kan fi pé, wọ́n lè tú obìnrin náà sílẹ̀.

CA-125 yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ẹbí láàmú jù. 35 ni wọ́n fi ṣe òpin ohun tó dára, ẹni tó bá sì rí 60 lórí bébà tirẹ̀ yóò rò pé ayé òun ti parí. Ṣùgbọ́n ìju inú ilé ọmọ lè gbé e sókè, oyún lè gbé e sókè, nǹkan oṣù lásán lè gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ikùn. Lódì kejì, nǹkan bí ìdajì àwọn tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni CA-125 wọn kì í ga. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ìṣirò kan pọ̀ mọ́ ọn láti ọdún 1990. Wọn yóò ka àmì tí ẹ̀rọ rí: yàrá-yàrá, nǹkan líle, kókó lápá méjèèjì, omi inú ikùn, àti àpẹẹrẹ pé ó ti tàn káàkiri. Bí kò bá sí ìkankan, òdo ni. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, 1. Bó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 3. Wọn yóò fi 1 ṣe ìlọ́po rẹ̀ bí nǹkan oṣù bá ṣì ń wá, wọn yóò fi 3 ṣe é bó bá ti dúró, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fi iye CA-125 ṣe ìlọ́po.

Ẹ wò ó báyìí. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60, àpapọ̀ tirẹ̀ kò ju 60 lọ. Ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí àmì méjì wà lára kókó rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 40 péré, ìṣirò tirẹ̀ jẹ́ 360. Ibi 200 tàbí 250 ni wọ́n ti máa ń ní kí aláìsàn lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ obìnrin dáadáa. Ẹni tí iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré ló wà nínú ewu jù.

Láti ọdún 2020, àwọn ibòmíràn máa ń kọ O-RADS sórí bébà, pẹ̀lú nọ́ńbà láti òdo dé 5. Bó bá jẹ́ 2, ewu jẹjẹrẹ kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ 5, ó tó ìdajì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kéèyàn tún máa dá oṣù mìíràn.

Bó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ fún kókó tí wọ́n ń fura sí, ó ní ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe é. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kàn gún un lábẹ́rẹ́ láti fa omi rẹ̀, nítorí bí jẹjẹrẹ bá wà nínú rẹ̀, ìtúká omi yẹn lè gbé àìsàn náà kúrò ní ìpele tó rọrùn jù lọ. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, irú UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, ló yẹ kí wọ́n darí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀dọ́ tí kókó tirẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá wọ́n lè yọ kókó nìkan, kí wọ́n fi ilé ẹyin sílẹ̀. Àní bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ ọ̀kan, ilé ẹyin kan tó kù lè bímọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìrora òjijì tó gbóná lápá kan ìsàlẹ̀ ikùn, pẹ̀lú èébì, lè jẹ́ pé kókó ti mú ilé ẹyin lọ́ po, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni èyí, kì í ṣe ti ọjọ́ kejì. Èyí tó ń yọ́ wọlé ni kí ikùn máa wú ṣáá, kí oúnjẹ díẹ̀ máa yóni, kí ìtọ̀ máa gbọ̀n èèyàn lemọ́lemọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọgbẹ́ inú tàbí jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n máa ń pe èyí nílé. Ẹni tí ìyá tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin rí, kó má fi pa mọ́ fún dókítà, nítorí ó wà lára ohun tí ìdílé ń jogún.

Èyí kò wá ní kí gbogbo obìnrin tí ara rẹ̀ le máa ṣe síkáànì lọ́dọọdún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin tó lé ní 200,000 ni wọ́n kó sínú ìwádìí kan láàárín ọdún 2001 sí 2005 láti mọ̀ bóyá irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Nígbà tí àbájáde ìkẹyìn jáde lọ́dún 2021, kò dín iye àwọn tí àrùn náà ń pa kù.

Ẹni tí wọ́n bá ti rí tirẹ̀ ní tiẹ̀, kó béèrè ọjọ́ tí yóò padà kó tó kúrò níwájú dókítà, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ibi tó ti ṣe ti àkọ́kọ́ ni kó ti ṣe èkejì, kó sì mú bébà àtijọ́ àti àwòrán rẹ̀ dání. Nígbà tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá fi sẹ̀ǹtímítà ti òní wé ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni yóò tó mọ̀ bóyá kókó náà ń rọ̀, ó dúró, tàbí ó ń dàgbà.